Òde ìgbéyàwó ni mo mọ̀ ọ́n yà, báwo ni mo ṣe fẹ́ ya bàálù tó ń dárà lókè?

Àdùkẹ́ Onífótò, Òkè-Fìà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè-Fìà níbí l'Óṣogbo. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí, kò sí òde tí wọn kì í pè mí sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Swindon ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àtòun láti lọ wo Royal International Air Tattoo, àfihàn bàálù ńlá tí wọ́n máa ń ṣe lóṣù keje ní RAF Fairford, nílùú Ọba. Físà ti jáde, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé n kò ya ohun tó ń fò rí, àfi náírà tí wọ́n bá ń ná lé ìyàwó lórí.

Canon 80D ni kámẹ́rà mi. Lẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ mi ò ju 50mm àti 18-135mm lọ. Ẹnì kan ti ní kí n yá owó àjọ fi ra 150-600mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni gan-an. Ẹlòmíì ní kí n ṣáà gbé shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń padé, sókè débi tó bá lè dé, pé ohun gbogbo á dúró gbọin. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi dánra wò níbí kí n tó lọ? Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìdó-Ọ̀ṣun ló sún mọ́ wa, ẹ sì mọ̀ pé a ṣì ń retí bàálù níbẹ̀ ni.

Alágbára Lẹ́ǹsì:

600mm ni o! Ohun tó bá kéré sí i, eṣinṣin lo máa yà bọ̀. Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Bọ̀dá Ìgbóǹnà:

Àdùkẹ́, kú oríire físà. Mo gbé ní Gloucester nígbà kan kí n tó kó ẹrù padà sí Ìgbóǹnà níbí. Ilé mi nígbà náà ò jìnnà sí Fairford yẹn, mo sì máa ń lọ débi pé ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́ǹsì mi ní orogún òun. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ fún ọ.

Má fọwọ́ kan owó àjọ. Sensor 80D, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kéré sí ti kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń pè ní full frame, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni ní ìlọ́po 1.6. Wá Canon EF-S 55-250mm tòkúnbọ̀ kan rà, tàbí kó o háyà rẹ̀. 250 lára 80D yóò rí bíi 400, ìyẹn sì tó fún bàálù tó bá ń kọjá níwájú èrò. 150-600 tí wọ́n ń polówó fún ọ yẹn, ó tó kílò méjì tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Gbé e sókè láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ná, ká wo bí apá rẹ ò ṣe ní máa gbọ̀n. Yàtọ̀ síyẹn, bí Red Arrows, ẹgbẹ́ jẹ́ẹ̀tì adárà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá dé, tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tò bíi dáyámọ́ńdì, tí wọ́n tú èéfín pupa, funfun àti búlúù sílẹ̀, 600 ò lè gbà wọ́n. 18-135 tó o ti ní gan-an lo máa fà yọ. Dísẹ́ẹ̀lì ni èéfín ọ̀hún: wọ́n ń tú u sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń tu ooru, ó sì ń di kùrukùru. Funfun kò ní nǹkan kan nínú, pupa àti búlúù ni wọ́n ń po aró mọ́. Ẹ wá wò ó pé aró ò mọ sí Òròkí nìkan.

Ó yá, ká bọ́ sórí shutter, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ní kó o gbé e sókè tán pátápátá, òótọ́ lapá kan ló sọ. Jẹ́ẹ̀tì kò ní ohun tó ń yí níta. Fi 1/1000 yà á, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ gbé e lọ sí 1/1600 tàbí 2000, kò séwu. Ṣùgbọ́n Fairford kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì nìkan. Wọ́n máa ń gbé àwọn bàálù ayé Hitler jáde, Spitfire àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fáànù ló ń fa àwọn yẹn níwájú. Ká ní fáànù náà ń yí ìgbà 1200 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Tó o bá fi 1/1000 yà á, kí shutter tó ṣí kó tó padé, fáànù ò tíì rìn ju nǹkan bíi dígírì méje lọ. Yóò dúró gbagidi nínú fótò, gbogbo ẹni tó bá wò ó á máa bi ọ́ pé ṣé ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lókè ni. Tó o bá fi 1/160 yà á, fáànù á ti rìn dígírì 45. Bó bá ní ewé mẹ́rin, ìdajì òbìrí yẹn á ti kún fún ìyípo. Ojú á rí i pé nǹkan ń yí, ọkàn á sì gbà pé bàálù ń lọ.

Ẹ̀lìkópítà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Chinook, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì lórí, kì í yára yí rárá: nǹkan bí ìgbà 225 ni ní ìṣẹ́jú kan. 1/160 á dá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró mọ́ ọn lórí. 1/80 ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, tọ́wọ́ rẹ bá sì ti dúró dáadáa, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/60.

Ní báyìí, o ti rí ibi tí mò ń lọ. Bí shutter bá ti falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí lẹ́ǹsì sì gùn, gbogbo bàálù lódindi ni yóò di bàìbàì àfi tí kámẹ́rà rẹ bá ń bá a rìn déédéé. Owó kì í ra ìyẹn. Ara ló ń kọ́ ọ, Òṣogbo sì tó o kọ́.

Lọ dúró lẹ́bàá oríta Ọlá-Ìyá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọlọ́kadà ti ń já lọ geere, kó o jìnnà sí títì o. Fi kámẹ́rà sí Tv, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan shutter, kí shutter wà ní 1/60. Ya ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, kó o kọ wọ́n sí ibi tó o fẹ́ ya ọ̀kadà sí. Má kọ wọ́n sí ibi tó ti ń bọ̀. Wá fi ìbàdí yí lọ pàdé rẹ̀, kó o máa bá a bọ̀. Tó bá fi máa dé iwájú rẹ, ara rẹ á ti tú sílẹ̀, kò ní lọ́ pọ̀. Àwọn tó ń kọ ẹsẹ̀ síbi tí nǹkan ti ń bọ̀, ìgbà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gan-an ni ìbàdí wọn máa ń há. Fún ìgúnpá mọ́ ìhà. Bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kó tó dé, tó bá sì ti kọjá, má dúró, máa bá a lọ díẹ̀ sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù fótò nìyẹn, bí wọ́n bá ti gbọ́ "ká" báyìí ni wọ́n ń sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Bó o ṣe máa mọ̀ pé o ti ń mọ̀ ọ́n nìyí. Mo ní ọ̀kan tí mo yà níbẹ̀ tí mo ṣì fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Ọlọ́kadà wọ búbá ofeefee, ó gbé obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan. O lè ka nọ́ńbà ara ọ̀kadà. O lè rí i pé tòmátì kan ti fẹ́ bọ́, àti pé obìnrin náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí agbọ̀n. Ṣùgbọ́n wáyà táyà ti yí pọ̀ di eérú, ògiri àti ìsọ̀ káàdì ẹ̀yìn wọn sì ti di ìlà gbọọrọ gbọọrọ. Bí tìrẹ bá ti rí báyìí, Spitfire ò lè dẹ́rù bà ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀kadà, bọ́ sórí àwòdì. Ìyẹn pọ̀ lókè ọjà àti lókè ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Bàálù akérò tó ń kọjá lókè fíofío kò lè kọ́ ọ ní nǹkan kan, ó jìnnà, ó sì ń rọra lọ lójú. Àwòdì ló ń yí bìrí lójijì, tó ń já wálẹ̀ ṣòòròṣò. Fi kámẹ́rà sí AI Servo, kí fókọ́ọ̀sì máa tẹ̀lé e, kó o sì lo Zone AF láàárín, ìyẹn àwọn ojú fókọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ papọ̀ lágbègbè kan. 80D rẹ ní ojú fókọ́ọ̀sì 45, ó sì ń ya méje ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ti tó. Má kàn di bọ́tìnnì mú bí ẹni mú ọmọ jòjòló o, torí tí RAW, àwọn fáìlì fótò ńláńlá yẹn, bá ti kún inú kámẹ́rà, yóò ní kó o dúró ná, àsìkò yẹn gan-an ni bàálù á dárà tó dáa jù. Yà á ní mẹ́ta mẹ́rin, kó o sinmi, kó o tún yà.

Àwòdì yẹn á tún fi ohun kan hàn ọ́. Á dúdú bí èédú nínú fótò. Ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ló tan kámẹ́rà jẹ. O mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀: ìyàwó tó dúró níwájú fèrèsé ni. Gbé exposure compensation, ibi tí wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fótò, sí +2/3 tàbí +1. Ojú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń funfun bí aṣọ àlà lọ́pọ̀ ìgbà, wàá nílò rẹ̀. Bí àwọsánmà bá lọ tí ọ̀run di búlúù, dá a padà sí òdo. Má gbàgbé síbẹ̀ o.

Bàbá Kainji:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Èmi kì í ṣe onífótò. Ìdí ẹ́ńjìnnì Alpha Jet, bàálù àwọn ọmọ ogun òfurufú wa, ni mo wà ní Kainji títí mo fi fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tí Bọ̀dá Ìgbóǹnà sọ dáa, ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni tó gbé pẹ̀lú bàálù kún un.

Àdùkẹ́, ọmọ mi, má fi etí wá jẹ́ẹ̀tì. Ìró kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Láti kìlómítà kan, yóò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ìró tó dé etí rẹ. Jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí, mítà 250 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó o bá wo ibi tí ariwo ti ń bọ̀, ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ bíi mítà 750. Nítorí náà, bí ariwo bá ti dé, iwájú rẹ̀ ni kó o gbójú sí, kó o wá a níbi tó ń lọ. Ojú méjèèjì ni kó o kọ́kọ́ fi rí i, kó o tó gbé kámẹ́rà sójú. Ẹni tó bá ń fi ihò kámẹ́rà wá bàálù kiri ojú ọ̀run, ibẹ̀ ló máa wà tí àwọn yẹn á fi balẹ̀.

Èkejì: má ṣe ya ikùn bàálù nìkan. Bó bá ń kọjá lórí ìlà tààrà, ikùn àti ẹ̀gbẹ́ lásán lo máa rí. Ìgbà tó bá ń yí, tó dojú apá kọ ilẹ̀, ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí sí èrò, tí wàá rí gíláàsì ibi tí awakọ̀ jókòó sí, nígbà mìíràn wàá rí àṣíborí rẹ̀. Atukọ̀ kì í dédé yí. Bó bá ti kọjá lọ sápá ọ̀tún, yóò yí padà, yóò tún gba apá òsì lọ. Wo eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìya nǹkan kan, wàá mọ ibi tó ti máa ń ṣẹ́rí.

Ẹ má jẹ́ kí òjò bà yín nínú jẹ́ jù. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, tó kún fún omi, tí jẹ́ẹ̀tì sì fi agbára yí, ẹ ó rí i tí nǹkan funfun á bo ẹ̀yìn apá rẹ̀. Èéfín kọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ló di kùrukùru, torí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré kọjá lókè apá, agbára tó fi ń tẹ nǹkan ń dín kù, ó sì ń tutù lójijì. Ojú ọjọ́ tó ṣú náà ni iná tó ń yọ nídìí jẹ́ẹ̀tì máa ń hàn dáadáa. Ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, wàá kàn rí irin ni.

Ra ohun ìdítí. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, aago ilé mi ń lù, mi ò kí ń gbọ́.

Tọ́lá Ògbóǹtarìgì:

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dààmú? Kó gbé drone dání, kó gbé e sókè, kó ya wọn lójúkojú.

Bọ̀dá Ìgbóǹnà:

Tọ́lá, kí wọ́n lè mú ọmọ ọlọ́mọ. Drone pẹ̀lú bàálù tó ń sáré ò gbọ́dọ̀ jọ wà lójú ọ̀run kan náà. Wọn ò gbà á ní Fairford rárá. Nílé níbí pàápàá, o ò lè dédé máa gbé e fò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, àti NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú. Bàbá, ẹ ṣé gan-an lórí ọ̀rọ̀ ìró yẹn, a kì í rò ó.

Àdùkẹ́ Onífótò, Òkè-Fìà:

Ẹ̀yin bàbá mi àti bọ̀dá mi, ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀. Mo lọ sí Ọlá-Ìyá nírọ̀lẹ́ àná. Àwọn ọlọ́kadà rò pé ìjọba ló rán mi, àwọn kan ń ya bàrá, ọ̀kan dúró ní kí n ya òun dáadáa, kí n sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Mo rí díẹ̀ tó dáa, ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Èyí tó mú dáadáa jù, mo ti gé orí ọlọ́kadà tàbí ìdí ọ̀kadà dànù. Èkejì, fókọ́ọ̀sì máa ń ti ara ọ̀kadà fò lọ sára ògiri tó wà lẹ́yìn, á wá jẹ́ pé pósítà olóṣèlú ló mọ́ kedere. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Ìgbóǹnà:

Pósítà olóṣèlú yẹn náà mọ bí wọ́n ṣe ń wá fókọ́ọ̀sì, jẹ́ ó lọ.

Ti pé o ń gé nǹkan dànù: o sún mọ́ ọn jù ni. Fa zoom sẹ́yìn, jẹ́ kí àyè wà yí i ká, pàápàá níwájú, torí bàálù fẹ́ ibi tó máa fò lọ nínú fótò. Tó o bá délé, kó o gé àwòrán rẹ̀ bó o ṣe fẹ́. 80D ní mẹ́gápíksẹ́lì 24, ó tó o gé. Bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn, o lè máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

Ti ògiri: wọ inú Custom Functions, wá tracking sensitivity, kó o sún un sí apá Locked on. Kámẹ́rà á ní sùúrù díẹ̀ kó tó fi ohun tó ń tẹ̀lé sílẹ̀. Lókè ọ̀run, kò sí ògiri, ìdààmú yìí á dín kù. Ìgbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀, tí igi wà lẹ́yìn rẹ̀, ló máa tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni, tí ọ̀sán bá ti ga, ooru tó ń yọ lójú kọnkéré pápá máa ń mú kí bàálù tó jìnnà máa jó nínú fótò. Kò sí lẹ́ǹsì tó lè wò ó sàn, 600mm gan-an ló máa fi hàn jù. Àárọ̀ ni kó o fi ya àwọn tó wà nílẹ̀, nígbà tí èrò ò tíì kún yí wọn ká. Ọ̀sán, gbójú sókè.

Àdùkẹ́ Onífótò, Òkè-Fìà:

Ó ti yé mi yékéyéké, ẹ ṣé sà. Ó ku ìbéèrè ẹyọ kan: bátìrì mẹ́ta ni mo ní, ṣé kí n kó wọn sínú àpótí tí mo máa jù sábẹ́ bàálù? Ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n wá pẹ̀lú bùbá òjò, mo ní nínú oṣù keje kẹ̀? Ṣé kì í ṣe àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyẹn ni?

Bàbá Kainji:

Rárá o, ọmọ mi. Bátìrì lithium tí kò sí nínú kámẹ́rà, inú báàgì tó o máa gbé wọ inú bàálù ló gbọ́dọ̀ wà. Fi sẹ́lótéèpù bo ẹnu irin wọn, kí wọ́n má fara kan ara wọn tàbí kọ́kọ́rọ́. Bí ọ̀kan bá gbiná nísàlẹ̀ níbi ẹrù, kò sẹ́ni tó máa tètè rí i.

Bọ̀dá Ìgbóǹnà:

Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ ohun tó ń sọ. Lọ́dún 2008, òjò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fagi lé gbogbo àfihàn Fairford ọdún náà, oṣù keje náà ni. Mú bùbá òjò, kó o sì mú ọ̀rá ńlá kan dání fún kámẹ́rà, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n aṣọ ní ilé ìfọṣọ. Tó o bá fẹ́ wá háyà 55-250, mo ní ọ̀kan tó ń sùn nínú dúrọ́ọ̀ mi níbí. Wá gbé e lọ fi ya àwòdì, kó o dá a padà tó o bá ti dé.